Ẹ Jẹ́ Kí Á Máa Bẹ Oko Ọ̀pẹ Ara Wa Wò Kí Á Tó Ra Ọmọ Ọ̀pẹ

 

Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ ni mo mú wá lónìí. Ẹnìkan lè sọ pé: « Kí ni olùkọ́ ìwé mọ̀ nípa ọ̀pẹ? » Ìbéèrè náà dára. Ṣùgbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí mo ti ń kọ́ni, « ọ̀pẹ » àti « epo » wà lára ọ̀rọ̀ tí a kọ́kọ́ kọ sójú pátákó. Kò sí ẹni tó jókòó níbẹ̀ tí ọ̀pẹ kò bọ́ rí. Bí a bá parí ìwé kíkà, ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ náà ni a tún máa ń bá lọ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tó ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ wò ó. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tí ń ta ọmọ ọ̀pẹ á yọ. Òmíràn á dì í sẹ́yìn alùpùpù, òmíràn á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí ẹ bá bi wọ́n pé níbo ló ti wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: « Ti Pọbẹ̀ ni. » Ta ló rí i? Ta ló ní ìwé rẹ̀? Ọmọ ọ̀pẹ náà tutù yọ̀yọ̀ nínú ọ̀rá dúdú, ewé rẹ̀ ń dán, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. A sanwó, a gbé e, a gbìn ín. A ro abẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin. Ìgbà tó bá so ni a óò tó mọ ohun tí a rà. Ẹni tó tà á ti lọ.

Irúgbìn àgbàdo tí kò dára, oṣù mẹ́ta péré ló fi ń tan ni jẹ. Bí ọdún bá yí, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pẹ tí kò dára yàtọ̀. Ó lè dúró sórí ilẹ̀ ẹni fún ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ẹni á dàgbà bá a níbẹ̀.

Èrò mi ni pé a lè fòpin sí ọ̀pọ̀ nínú ìtànjẹ yìí fúnra wa, láì dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní abúlé kọ̀ọ̀kan, ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún fún ọ̀pẹ. Lọ́jọ́ náà, kí a lọ wo oko ọ̀pẹ ara wa. Kí a là ẹyìn lójú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà, kí a wá ta ọmọ ọ̀pẹ ní gbangba, lójú àwọn tí ojú wọn mọ ọ̀pẹ.

Àwọn tó ń ṣe é ní Amẹ́ríkà

Kì í ṣe èmi ni mo dá irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Florida, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dent Smith kó àwọn olólùfẹ́ ọ̀pẹ jọ ní ọdún 1956. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà wà títí di òní, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní ìwé ìròyìn tiwọn. Wọ́n máa ń ṣe ìpàdé ńlá ní ọdún méjì-méjì, ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké abẹ́ rẹ̀ sì ń pàdé ní agbègbè wọn.

Ẹ má rò pé epo ni wọ́n ń wá o. Ọ̀pọ̀ wọn kò fún epo rí. Ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń fi ọ̀pẹ ṣe ní àyíká ilé. Irú ọ̀pẹ tó wà láyé ju 2500 lọ: àgbọn wà nínú wọn, àgbọn olódu wà nínú wọn, igi dábínù wà nínú wọn, ọ̀pẹ tiwa náà wà nínú wọn. Ẹni tó bá rí irú kan tí ẹlòmíràn kò ní, inú rẹ̀ á dùn bí ìgbà tí àgbẹ̀ wa bá rí iṣu tó gùn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ní òwúrọ̀, wọ́n á kó ara wọn lọ sí ọgbà ọmọ ẹgbẹ́ kan. Onílé á ṣíwájú, àwọn tó kù á tẹ̀ lé e. Á sọ orúkọ igi kọ̀ọ̀kan, ọdún tó gbìn ín, ibi tí irúgbìn rẹ̀ ti wá, bó ṣe la òtútù já. Òtútù ni ọ̀tá ọ̀pẹ lọ́hùn-ún, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ níhìn-ín. Wọ́n á kúrò níbẹ̀, wọ́n á lọ sí ọgbà kejì, bóyá ọgbà kẹta. Wọ́n á jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á lu ọmọ ọ̀pẹ ní gbàǹjo. Ẹnìkan á dìde dúró, á gbé ọ̀pẹ kan sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, á pe orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti wá, á sì dá owó lé e. Ẹni tó fẹ́ ẹ á nawọ́, ẹlòmíràn á fi owó lé e, títí yóò fi ku ẹnìkan. Owó tí wọ́n bá rí ń lọ sínú àpò ẹgbẹ́.

Kí ló kàn wá nínú eré àwọn olówó yìí? Ohun kan ni. Ọ̀pẹ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kò lè purọ́. Ẹni tó gbé e wá ń pe orúkọ rẹ̀ lójú 50 ènìyàn tí ojú wọn mọ ọ̀pẹ, tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọgbà rẹ̀ bọ̀ láàárọ̀. Bó bá ní, « Ti ibi báyìí ni, » wọ́n á ní, « Ìyá rẹ̀ dà? A kò rí i nínú ọgbà rẹ. » Ẹgbẹ́ yẹn fi ojú púpọ̀ ṣọ́ ọjà. Àwa ń fi ojú méjì péré rà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nígbà tí òjò ti ń ṣú.

Àwa náà sì ní ìfẹ́ ọ̀pẹ kí Dent Smith tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ọ̀pẹ-ifá. Ewé rẹ̀ kì í là bí ti àwọn ọ̀pẹ yòókù, ó máa ń lẹ̀ mọ́ra. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n láàárín ọgọ́rùn-ún ọ̀pẹ, wọn kì í sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e. Ẹni tó lè mọ ọ̀pẹ kan yàtọ̀ sí èkejì láti òkèèrè, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lè fi ọmọ ọ̀pẹ tàn án jẹ.

Ohun tó fara pamọ́ nínú ẹyìn

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ojú kò fi lè mọ ọmọ ọ̀pẹ nínú ọ̀rá. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Bó bá ṣòro, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹyìn pín sí. Èkíní ni ẹyìn tí èèpo ekùrọ́ rẹ̀ nípọn, tí ẹran ara rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní dura. Òun ló pọ̀ jù nínú ọ̀pẹ tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú oko àti nínú igbó wa. Èkejì ni ẹyìn tí kò ní èèpo ekùrọ́ rárá. Wọ́n ń pè é ní pisifera. Ẹ lè rò pé òun ló dára jù, nítorí ẹran nìkan ni. Rárá. Púpọ̀ nínú ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀ kì í so dáadáa. Òdòdó á yọ, ìdì á bẹ̀rẹ̀, á sì rà kó tó pọ́n. Ẹ̀kẹta ni ọmọ tí àwọn méjì yìí bí. Èèpo ekùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹran rẹ̀ pọ̀. Tenera ni orúkọ rẹ̀. Òun ni a ń pè ní ọ̀pẹ àṣàyàn. Bí a bá fi ìdì rẹ̀ wé ìdì dura tó wúwo bákan náà, epo rẹ̀ lè ju ti dura lọ bí ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́wàá.

Àwọn onímọ̀ méjì, Beirnaert àti Vanderweyen, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1941, ní Yangambi, ní Kóńgò tó wà lábẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù nígbà náà. Wọ́n rí i pé bí a bá mú dura ṣe ìyá, tí a mú pisifera ṣe bàbá, gbogbo ọmọ ni yóò jẹ́ tenera. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwádìí ọ̀pẹ tó wà ní Pọbẹ̀ nìyẹn. Ilé ìwádìí náà ti wà láti ọdún 1922. Wọ́n á fi àpò bo òdòdó ìyá kí ìyẹ̀fun òdòdó mìíràn má baà dé ibẹ̀. Wọ́n á wá fi ọwọ́ fẹ́ ìyẹ̀fun òdòdó bàbá sí i. Iṣẹ́ sùúrù ni, òun ló sì jẹ́ kí owó rẹ̀ wọ́n.

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tí àwọn kan ń ṣe. Wọ́n á wọ inú oko ọ̀pẹ àṣàyàn, wọ́n á hú ọmọ ọ̀pẹ tó hù lábẹ́ ìyá, wọ́n á gbé e sínú ọ̀rá. Bí wọ́n bá sọ pé « ti ọ̀pẹ àṣàyàn ni », wọn kò purọ́ tán. Ìyá rẹ̀ jẹ́ tenera lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí tenera bá gba ìyẹ̀fun lọ́dọ̀ tenera, ọmọ wọn kì í jọ wọ́n tán. Nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan á jẹ́ dura, méjì á jẹ́ tenera, ọ̀kan á jẹ́ pisifera tó lè má so.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí a bá gbin ọ̀pẹ ní mítà 9 sí ara wọn, kí ọ̀pẹ mẹ́ta-mẹ́ta fi ara wọn ṣe igun mẹ́ta, 143 ni yóò gba ẹ́kítà kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ tí a hú lábẹ́ tenera, nǹkan bí 71 ni yóò jẹ́ tenera, nǹkan bí 36 á padà di dura, nǹkan bí 36 á sì jẹ́ pisifera. Ọ̀pẹ 36 tí a ro, tí a fi ajílẹ̀ sí, tí ó gba oòrùn àti omi, tí kò sì fún wa ní nǹkan kan tó tó kà sí. Bí ìyẹ̀fun bá sì ti ara ọ̀pẹ igbó fẹ́ wá, ìdajì á padà di dura.

Gbogbo wọn ló jọra nínú ọ̀rá. Kò sí ojú tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kódà ojú onímọ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé, « Àgbẹ̀ gidi á mọ̀ ọ́n tó bá rí i. » Àgbẹ̀ gidi á mọ èyí tí kòkòrò ti jẹ ewé rẹ̀, á mọ èyí tó gùn ganganran nítorí òjìji. Kò lè mọ èyí tó wà nínú ẹyìn tí a kò tíì so.

Àwọn tí ń ta ọmọ ọ̀pẹ kò sì burú tán o. Òmíràn nínú wọn kò mọ ọ̀rọ̀ ìdá mẹ́rin yìí rárá. Ẹni tó ta nǹkan náà fún un ló tan òun náà jẹ.

Oko tí kò dára ni kí a kọ́kọ́ lọ

Mo fẹ́ kí ọjọ́ ọ̀pẹ wa bọ́ sí oṣù kejì tàbí oṣù kẹta. Ẹyìn máa ń pọ̀ lórí igi nígbà náà, òjò tí a ó fi gbìn kò sì tíì dé. Àyè á wà láti ronú.

Oko mẹ́ta tó fún ọjọ́ kan. Kí ẹgbẹ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ olóko ṣáájú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣa ẹyìn ẹlẹ́yìn. Kí a wọ bàtà, nítorí ejò fẹ́ràn abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ, eku ló ń wá níbẹ̀.

Èrò àwọn kan ni pé oko tó dára jù ni kí a lọ wò. Èrò mi yàtọ̀. Oko tí wọ́n ti tan olóko jẹ ni kí a kọ́kọ́ lọ. Bí olóko bá gbà, kó fi ìdí ẹyìn tó so hàn wá, kó fi ọ̀pẹ tí kì í so hàn wá, kó sọ ọdún tó gbìn ín àti bó ṣe rà á. Kò pọn dandan kó dárúkọ ẹni tó tà á. Wákàtí kan nínú oko bẹ́ẹ̀ á kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ohun tí èmi kò lè fi ẹfun kọ sójú pátákó fún oṣù mẹ́ta. Kí a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ olóko náà ju ẹni tí oko rẹ̀ dára lọ. Kò rọrùn láti fi àdánù ẹni han ará ìlú.

Bí a bá dé ìdí ọ̀pẹ, kí a mú ẹyìn kan tó pọ́n, kí a fi ọ̀bẹ mímú gé e ní ìbú. Bí ekùrọ́ kò bá jẹ́ kí ọ̀bẹ kọjá, kí a yí ọ̀bẹ po, kí a ṣí ẹran rẹ̀ kúrò, kí a wá fi òkúta fọ́ ekùrọ́ náà. Ẹ wo bí èèpo rẹ̀ ṣe nípọn tó. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹran ẹyìn tó yí ekùrọ́ ká. Bó bá jẹ́ tenera, ẹ ó rí fọ́nrán dúdú wẹ́wẹ́ tó yí ekùrọ́ po bí òrùka. Dura kò ní òrùka yẹn. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ la ẹyìn mẹ́wàá, kò ní gbàgbé.

Àwọn ìyá elépo ni kí ó ṣíwájú níbi iṣẹ́ yìí. Mo ń sọ èyí tọkàntọkàn, nítorí pé bí ìpàdé oko bá wà, àwọn ọkùnrin ni wọ́n sábà ń pè, àwọn obìnrin á wà nídìí ìkòkò oúnjẹ. Ta ló ń se ẹyìn? Ta ló ń gún un, tó ń fún un, tó ń pa ekùrọ́? Ìyá tó ti ń fún epo fún 20 ọdún mọ ìdì tó lépo kó tó gbé e kalẹ̀. Kí àwọn ọkùnrin se oúnjẹ lọ́jọ́ náà, tàbí kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀wà àti gàrí.

Àwọn ìyá yìí náà ló sì kọ́ mi ní nǹkan kan tí ìwé kò sọ. Nígbà tí mo yin tenera títí, wọ́n ní kí n rọra. Wọ́n ní epo ọ̀pẹ àtijọ́ ki, ó sì dùn nínú ọbẹ̀. Wọ́n ní ekùrọ́ rẹ̀ tóbi, àdín tí wọ́n ń rí nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó tiwọn, owó tí ọkọ kì í béèrè. Òótọ́ ni. Nítorí náà, n kò sọ pé kí a gé gbogbo ọ̀pẹ àtijọ́ ká fi pọn ẹmu, ká fi se sódábì. Kí ẹni tó fẹ́ gbin oko tuntun gbin àṣàyàn. Kí ọ̀pẹ tó wà láàárín àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ dúró síbẹ̀, kó máa fún àwọn ìyá ní ekùrọ́.

Èyíkéyìí tí a bá fún nínú epo méjèèjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe se é títí á fi di funfun. Ohun tó jẹ́ kí epo pupa pupa náà ló ń di fítámì A nínú ara, tó ń ran ojú àwọn ọmọ wa lọ́wọ́. Bí iná bá pọ̀ jù lábẹ́ rẹ̀, ohun náà á jóná, epo lásán ló máa kù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oko ni a ń sọ, ṣùgbọ́n n kò lè fo èyí.

Ọ̀rọ̀ gbàǹjo

Ó ku ọ̀rọ̀ títà. Níbí ni mo ti fẹ́ kí a yà kúrò lára àwọn ará Florida.

Bí a bá lu ọmọ ọ̀pẹ àṣàyàn ní gbàǹjo láàárín wa, ta ni yóò gbé e lọ? Ẹni tó ní owó jù ni. Oníṣòwò láti Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu tó ń ra ilẹ̀ kiri á wá jókòó láàárín wa, á nawọ́ títí, á kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀. Opó tó ti ń tọ́jú owó ọmọ ọ̀pẹ 20 á padà sílé lọ́wọ́ òfo. Gbàǹjo dára fún ọ̀ṣọ́. Kò dára fún ohun tí ilé kan yóò fi jẹun fún 25 ọdún.

Fún ọmọ ọ̀pẹ àṣàyàn, kí ẹgbẹ́ máa dá àjọ láti ìgbà ìkórè. Kí a kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan àti iye ọ̀pẹ tó fẹ́. Kí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó mọ̀wé lọ sí Pọbẹ̀, tàbí sọ́dọ̀ olùtọ́jú ọmọ ọ̀pẹ tí ilé ìwádìí náà fọwọ́ sí. Kí wọ́n béèrè ìwé ìfọwọ́sí rẹ̀, kí wọ́n kà á fúnra wọn, kí wọ́n gba rẹ́sù. Kí wọ́n tètè lọ o, nítorí pé ọmọ ọ̀pẹ ń lo bí ọdún kan kó tó ṣeé gbé lọ sóko. Ẹni tó bá dúró di ìgbà òjò á bá a pé wọ́n ti tà á tán. Iye kan náà ni kí gbogbo ènìyàn san. Kí a pín in lójú gbogbo wa lọ́jọ́ ọ̀pẹ, kí a sì ka rẹ́sù náà sókè kí a tó pín in. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà ni kí ẹ kà á. Kí ló dé tí a fi kọ́ ọ?

Ohun tó yẹ kí a lù ní gbàǹjo ni àwọn tó kù: ọmọ àgbọn, ọmọ obì, ọmọ ọsàn, agbọ̀n tí wọ́n fi imọ̀ hun, ìgbálẹ̀, garawa epo kan tí ìyá kan fi tọrẹ fún ẹgbẹ́. Kí a rẹ́rìn-ín, kí àwọn olówó fi owó wọn dárà. Bí oníṣòwò láti Àjàṣẹ́ bá fẹ́ ra ìgbálẹ̀ kan ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún owó sẹ́fà kí gbogbo ènìyàn lè patẹ́wọ́ fún un, kí ló kan wá? Owó ẹgbẹ́ ni. A ó fi ra ọ̀bẹ ẹyìn, a ó fi ra okùn ìgbà tuntun fún àwọn tó ń gun ọ̀pẹ. Okùn tó ti gbó ti já mọ́ ènìyàn púpọ̀ lórí igi.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbi gbígbé igi kiri. Igi lè gbé àrùn wá. Àwọn ará Florida mọ̀ ọ́n. Ní àwọn ọdún 1970, àrùn kan tó ń sọ ewé àgbọn di pupa rẹ́súrẹ́sú pa àgbọn lọ rẹpẹtẹ ní Miami. Àwa náà mọ irú rẹ̀ nítòsí: ní Tógò, láti àwọn ọdún 1930 ni irú àrùn bẹ́ẹ̀ ti ń pa àgbọn, wọ́n ń pè é ní àrùn Kaincopé. Ní ti ọ̀pẹ, àrùn kan wà tó ń gba inú ilẹ̀ wọ gbòǹgbò, tí a ń pè ní fusariose. Ewé á máa gbẹ, á máa ṣẹ́ wálẹ̀, ọ̀pẹ á máa kú díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọmọ igi tàbí iyẹ̀pẹ̀ láti oko tí ọ̀pẹ ti ń kú wá sí ọjọ́ ọ̀pẹ. Bí olóko bá sọ pé ọ̀pẹ òun ń kú láì mọ ìdí, oko yẹn kúrò lára àwọn tí a ó bẹ̀ wò, òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ni kí a ránṣẹ́ sí.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, igi díẹ̀ tí a gbé rin ọ̀nà jíjìn lè di nǹkan ńlá. Ní ọdún 1848, wọ́n gbin ọ̀pẹ mẹ́rin péré sínú ọgbà igi kan ní Bogor, ní erékùṣù Java, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Indonésíà lónìí. Ọ̀pẹ Áfíríkà ni. Ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ṣe, bíi ti àwọn ará Florida. Wọ́n kó èso wọn lọ sí Deli, ní Sumatra, wọ́n gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nínú oko tábà. Lára ọmọ-ọmọ ọ̀pẹ mẹ́rin yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oko ọ̀pẹ ńláńlá ní Indonésíà àti Màlésíà. Lónìí, bí gbogbo epo ọ̀pẹ ayé bá jẹ́ garawa 100, àwọn orílẹ̀-èdè méjì yìí ló ń ṣe ju 80 lọ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀pẹ àṣàyàn tí a ń gbìn ní Áfíríkà báyìí ní ẹ̀jẹ̀ ọ̀pẹ Deli lára. Ó ti ọwọ́ wa lọ, ó sì padà wá bá wa pẹ̀lú owó lórí. Èyí máa ń bí mi nínú díẹ̀ bí mo bá rántí rẹ̀. Wọ́n kọ ọdún tí wọ́n gbin igi wọn sílẹ̀. Wọ́n mọ ìyá rẹ̀. Èló nínú wa ló lè sọ ọdún tí wọ́n gbin ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé wa?

Nítorí náà, mo ń fẹ́ kí olúkúlùkù ra ìwé kékeré kan fún oko ọ̀pẹ rẹ̀. Kó kọ ọjọ́ tó gbìn ín, ibi tó ti rà á, iye rẹ̀, iye tó san. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í so, kó máa kọ iye ìdì tó gé lóṣooṣù. Ìlà mélòó kan péré ni. Ìwé yẹn ni yóò mú wá lọ́jọ́ ọ̀pẹ.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò ní ojútùú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gbin ọ̀pẹ ti sọ pé òun ló ni ilẹ̀. Nítorí èyí, onílẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tó yá ilẹ̀ gbin ọ̀pẹ, obìnrin púpọ̀ sì wà tí wọ́n ń dá oko lórí ilẹ̀ ọkọ tí wọn kò lè gbin ẹyọ kan. Àwọn wọ̀nyí á bá wa lọ wo oko, wọ́n á la ẹyìn, wọ́n á dá àjọ pàápàá, ṣùgbọ́n níbo ni wọn yóò gbìn ín sí? Èrò mi ni pé kí ẹgbẹ́ lọ bá àwọn baálé kí ọjọ́ ọ̀pẹ àkọ́kọ́ tó dé, kí a sì kọ àdéhùn sórí ìwé: ọ̀pẹ jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín, ilẹ̀ jẹ́ ti onílẹ̀, iye ọdún rèé, bí a ó ṣe pín ẹyìn rèé, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí. Àwọn baálé kan á gbà, àwọn kan kò ní gbà. Kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó gbà.